Ìtọ́jú Etí Erin Níwájú Ilé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ oníkòkó, ohun ọ̀gbìn tí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé yìí kì í ṣe èyí tí ẹ ń kó lọ sórí ìwọ̀n. Etí erin ni, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà. Ewé rẹ̀ nípọn, ó kún fún omi. Láti ìdí kan ṣoṣo ni gbogbo ewé náà ti ń yọ, tí wọ́n sì tò yíká bí ìràwọ̀.

Àgbẹ̀ tí ó mọ kòkó tọ́jú ni ó sábà máa ń pa á. Kòkó fẹ́ ibòòji àti ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Arébíà, níbi tí òjò kò ti pọ̀, ni etí erin ti ṣẹ̀ wá. Ní ọ̀sán, ó máa ń pa àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé rẹ̀ dé kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ. Òru ni ó ń ṣí wọn láti mí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bu omi sí i lójoojúmọ́ bí ẹ ti ń ṣe fún ọmọ kòkó, gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà, ewé ìsàlẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì máa rùn. Bí ẹ bá tètè rí i, ẹ hú u, ẹ gé ibi tí ó ti rà kúrò, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, kí ẹ tó tún un gbìn sínú erùpẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ gbìn ín sí ibi gíga tí oòrùn ń dé. Bí ó bá jẹ́ inú ìkòkò, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ fi àpáàdì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì po yanrìn odò mọ́ erùpẹ̀ ní ọgbọọgba. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ náà tó íǹṣì 2. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi omi mọ́wọ́. Bí ewé bá pọ́n díẹ̀ nígbà ọyẹ́, kì í ṣe àrùn. Ní àkókò òjò, ẹ gbé ìkòkò náà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sì máa dá a padà sí oòrùn, kí ewé má baà jó.

Ẹ má ṣe gé ewé rẹ̀ gbìn. Àbámọdá ni ewé rẹ̀ ń hù. Ti etí erin yóò rà ni. Ọmọ tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ni kí ẹ mú, nígbà tí ó bá ga tó íǹṣì 4 tàbí 5, pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji fún ọjọ́ 3 kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ má sì bu omi sí i títí ọ̀sẹ̀ kan.

Kòkòrò funfun bí òwú, tí ó jọ èyí tí ẹ mọ̀ lára kòkó, a máa sá pamọ́ sí ìdí ewé. Aṣọ tí a rẹ sínú omi ọṣẹ ni kí ẹ fi nù wọ́n kúrò.

Oje kíkorò tí ó pọ́n bí ìyeyè wà lábẹ́ èèpo ewé náà. A máa yọ inú gidigidi. Ẹ má ṣe fún aláboyún tàbí ọmọdé mu.