Àbúrò Mi, Bí Wọ́n Bá Fi Ọ́ Jẹ Akápò Ẹgbẹ́ Onílé

Wọ́n á ní obìnrin ni kó máa gba owó, pé obìnrin kì í kówó jẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Èkó ni ọkọ rẹ wà, tí o ń ṣojú rẹ̀ níbi ìpàdé onílé. Ó lè jẹ́ pé ìwọ gan-an lo kọ́ ilé rẹ, láti inú owó gàrí àti ẹ̀gúsí tí o ń kó lọ sí Èkó. Èyí ó wù kó jẹ́, lọ́jọ́ kan àwọn bàbá àdúgbò á dárúkọ rẹ, gbogbo ìpàdé á pàtẹ́wọ́, o di akápò. Àbúrò mi, má kọ̀ ọ́. Àmọ́ jókòó tì mí díẹ̀, kí n sọ ohun tí wọn ò ní sọ fún ọ lọ́jọ́ náà.

Ní agbègbè Ìbàràpá wa yìí, láti Igbó-Ọrà títí dé Èrúwà àti Lánlátẹ̀, àìrówó ra nǹkan kọ́ ló ń ba dúkìá àdúgbò jẹ́. A máa ń rówó rà á. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gbẹ́ bọ̀hóòlù, ẹ ó rí i bí owó yóò ṣe máa wọlé: ọmọ ilé tó wà lókè òkun á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, olóṣèlú tó ń wá ìbò á fi kún un, ìyá tó ń ta iṣu á tú ìdí aṣọ. Lọ́jọ́ tí omi bá kọ́kọ́ tú jáde, ayọ̀ á gba àdúgbò kan. Ìgbà tí páǹpù bá jó lẹ ó tó mọ ara yín. Owó àtúnṣe kò tó nǹkan kan lára owó tí ẹ fi gbẹ́ ẹ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ dá a, nítorí wọn kì í fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe àríyá, wọn kì í sì í kọ orúkọ ẹni tó dá a sára táńkì. Oṣù á máa gorí oṣù, koríko á bo ìdí táńkì, àwọn ọmọ á gbé kẹ́ẹ̀gì padà sídìí odò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́: kó o tó gba kọ́bọ̀ fún nǹkan tuntun, jẹ́ kí ìpàdé fẹnu kò lórí owó àtúnṣe, kó máa wọlé nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní kí lo fẹ́ fi ṣe, nígbà tí nǹkan kan ò bàjẹ́. Dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ.

Àwa ará Ìbàràpá ló yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bi àwọn ìyá àgbà ìlú Ìdèrè, wọ́n á sọ̀rọ̀ sobìà fún ọ. Nígbà náà, gbogbo ìlú ló ń bu omi adágún, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí aràn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á wọ inú omi lọ pọn tirẹ̀, aràn á tu ọmọ sínú rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá mu ún láìsẹ́ ti gbé e mì. Tó bá di ọdún kejì, ìdílé tí kò mọ nǹkan kan á rí alágbára wọn tó dùbúlẹ̀ sílé ní àkókò iṣẹ́ oko. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera ní Igbó-Ọrà láti ọdún 1963. Àwọn ènìyàn wọn àti àwọn ọmọ ìlú tó fara wọn jìn jọ ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè láwọn ọdún 1980: wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n rán aṣọ ìsẹ́mi, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé sobìà ti tán ní Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú omi gbogbo ìlú ló ń dá gbogbo ìyà yẹn sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ìdí bọ̀hóòlù kò tó nǹkan tí à ń kọ sínú ìwé ìpàdé, má dá a lóhùn, ṣáà máa kọ ọ́.

Jẹ́ ká wá sórí owó. Má jẹ́ kó wọ inú àkáǹtì tìrẹ láé, kódà bí ó ṣe ọjọ́ kan. Ẹ lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka ìdàgbàsókè àdúgbò ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ìbáà jẹ́ ti Igbó-Ọrà, ti Èrúwà tàbí ti Ayétẹ̀. Bí apá yín bá ká a, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA ti 2020, pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú dúkìá tí orúkọ wọn wà lórí ìwé. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló máa jẹ́ kí báńkì ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹni méjì ni kó máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ará ilé kan náà. Ní gbogbo ìpàdé, ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sókè ketekete, kódà bí kò bá sẹ́ni tó béèrè. Ẹni tó bá ń ka ìṣirò nígbà tí kò sẹ́ni tó fura, òun ni wọ́n máa gbàgbọ́ lọ́jọ́ tí ahọ́n burúkú bá dé, ó sì ń bọ̀ wá dé.

Ọ̀rọ̀ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan máa san gba làákàyè. Níbi tí àwọn ọmọ Adeseun Ogundoyin Polytechnic ń gbé ní Èrúwà, ilé kan lè ní ilẹ̀kùn mẹ́wàá, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì kún inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gángán ibẹ̀ náà ni opó kan ń gbé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní kí ilé méjèèjì san iye kan náà, ẹ ti rẹ́ opó náà jẹ. Ẹ kà á ní ilẹ̀kùn. Onílé tó ń gbowó lọ́wọ́ ayálégbé ló yẹ kó dáhùn fún owó omi wọn, kó má tì wọ́n sí ọ. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gbowó oṣù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lè san díẹ̀díẹ̀ bí owó ìfẹ̀yìntì bá ti ń wọlé, àmọ́ àgbẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí tirẹ̀ dúró di ìgbà tó bá ta kajú tàbí ẹ̀gúsí, kó san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. Wàá rí i pé àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ajẹ-gbèsè á wá bá ọ nílé fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tí inú mi kì í dùn sí, torí pé mo ti rí i tó tú àdúgbò ká: bọ̀hóòlù tó wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Bàbá olóore kan á yọ̀ǹda igun kan nínú àgbàlá rẹ̀, gbogbo ènìyàn á kúnlẹ̀ dúpẹ́, kò sẹ́ni tó máa rántí ìwé. Bàbá á kú. Àwọn ọmọ á ti Èkó dé, wọ́n á pín ilé, ẹni tí ìpín rẹ̀ bọ́ sí igun yẹn á fi kọ́kọ́rọ́ sí géètì. Kò jí nǹkan kan, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí bàbá ṣì wà láyé tí ara rẹ̀ le, ẹ pe lọ́yà, ẹ kọ ìwé, kí bàbá buwọ́ lù ú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà náà buwọ́ lù ú, kí olórí ẹbí sì ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ìwé náà sọ ibi tí ilẹ̀ náà gùn dé, kó sì sọ ọ̀nà tí ẹni tó wá pọnmi máa gbà wọlé. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kúkú ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ bàbá. Ojú lè máa tì ọ́ láti bá àgbàlagbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣáà sọ ọ́.

Bọ̀hóòlù yìí náà ló máa gba ọkàn rẹ jù. Orí àpáta ni ilẹ̀ Ìbàràpá wà. Ibi tí àpáta ti là nísàlẹ̀ ni omi wa ń gbà wá, ó sì máa ń fà sẹ́yìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bí ẹ bá ń fà á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà náà, omi á sá kúrò lára páǹpù, páǹpù á máa yí lórí òfìfo, á gbóná, á jó. Àwọn kan á ní ẹni tó gbẹ́ ẹ ló gbàbọ̀dè, bẹ́ẹ̀ àìsinmi ló pa á. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi nǹkan tó ń pa páǹpù fúnra rẹ̀ sí i fún ìgbà tí omi bá lọ sílẹ̀, kí ẹ sì pín àkókò ìfàmi sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí omi lè sun jọ láàárín. Fi obìnrin tó ń pọnmi sínú ìgbìmọ̀ omi, má fi àwọn bàbá tí wọ́n ń bu omi fún nìkan sí i. Àwa la kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ bí ohùn páǹpù bá yí padà, àwa la kọ́kọ́ ń rí iyanrìn nídìí korobá. Ẹ máa fọ táńkì kí èéhù tó dì í. Bí onílé tuntun bá sì fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè, lọ kí i kó tó kó àwọn oníṣẹ́ wá, mú omi tútù dání, kó o sọ fún un pé kó jìnnà sí ìdí bọ̀hóòlù ní ọgbọ̀n mítà, ó kéré tán. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ́ ẹ tán, ìjà ló kù.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, bi oníṣẹ́ tó wà nílùú yín léèrè bóyá ó lè tún un ṣe. Dókítà Awójobí, oníṣẹ́ abẹ tó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Èrúwà lọ́dún 1986, fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí láti fi wo bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe tó, láìsí iná. Ó kú ní 2015, ó sì ti fi hàn wá pé ohun tí ọwọ́ ọmọ ìlú lè tú palẹ̀ kó sì tún tò ló ń pẹ́ nílé ẹni. Páǹpù sólà olówó iyebíye tó jẹ́ pé Èkó nìkan ni páàtì rẹ̀ wà, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sì sí ní gbogbo Ìbàràpá, mi ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti tíránsífọ́mà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ iná ló ni ín, àwọn ló yẹ kó rà á. Bí ó bá di dandan kí àdúgbò dáwó sí i, àjọ NERC, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná, ṣe òfin kan jáde lọ́dún 2015 pé kí àdúgbò àti ilé-iṣẹ́ iná kọ́kọ́ kọ ìwé àdéhùn lórí bí wọ́n ṣe máa dá owó àdúgbò padà. Láìsí ìwé yẹn, owó yín ti lọ nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì, má sì jẹ́ kí gbogbo ilé rọ́ lọ sórí fésì kan ṣoṣo nítorí pé òun ló ní iná lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí tíránsífọ́mà ṣe ń jó nìyẹn.

Láti òru tí àwọn agbébọn kọlu ìlú Ìgangan nílẹ̀ Ìbàràpá wa ní oṣù Kẹfà 2021, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí wọ́n sì dáná sun ààfin, kò sí àdúgbò tí kò fẹ́ géètì mọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ ìwọ akápò, bèèrè ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago méjì òru. Ní Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, aboyún á bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru, ọkọ̀ á dúró níwájú géètì, wọ́n á máa wá ọlọ́dẹ kiri. Ọlọ́dẹ tí ẹ kò sanwó fún kì í sùn sídìí géètì. Owó rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ jáde lóṣù, kó tó kan ohunkóhun mìíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn àti ti àgọ́ ọlọ́pàá gàdàgbà sára géètì, kí àjèjì pàápàá lè rí i.

Nípa àwọn tó jẹ gbèsè, má dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ò bá yanjú nínú yàrá kì í yanjú lójú ọjà. Mú obìnrin kan dání, ẹ lọ sílé rẹ̀ lásìkò tí ara ti rọ̀ ọ́, ẹ fi ìwé hàn án, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nígbà mìíràn, àìsàn ló wà nílé. Ẹ lè fún un láyè, ẹ sì lè ní kó fi iṣẹ́ ọwọ́ san án: kó ṣán koríko, kó kó ilẹ̀ gọ́tà ṣáájú òjò. Iṣẹ́ gọ́tà yẹn, kí oṣù Kẹta tó parí ni kí ẹ ṣe é, torí ìgbà tí òjò bá ti gbé ìdọ̀tí lọ dí ẹnu kọ́fátì, ojúlé onílé ìsàlẹ̀ ló ń wọ̀. Àmọ́ ọlọ́rọ̀ tó ní ilẹ̀kùn mẹ́wàá tí kò fẹ́ san, tó ń sọ pé òun ní bọ̀hóòlù tòun, ẹni yẹn gba kí bàbá alága àti àwọn àgbà lọ bá a. Má dá lọ.

Má ṣe akápò ju sáà méjì lọ. Láti ọdún kìíní, mú ọ̀dọ́bìnrin kan mọ́ra, kó máa bá ọ lọ sí báńkì, kó mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ bọ̀hóòlù wà, kó mọ ilé oníṣẹ́ páǹpù. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbé e sílẹ̀, ẹ jọ ka gbogbo nǹkan lójú ìpàdé: kọ́kọ́rọ́, ìwé ríṣíìtì, ìwé báńkì, páǹpù àtijọ́ tó wà nínú ṣítóò, okùn, páìpù tó ṣẹ́ kù. Kó buwọ́ lù ú, kí ìwọ náà buwọ́ lù ú, kí ẹ fún akọ̀wé ní ẹ̀dà kan.