Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí ó ń lọ rí Dókítà

Bí àgbẹ̀ bá ń lọ sí oko tí ó jìnnà, a máa pọ́n àdá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Bí oníṣòwò bá ń lọ sí ọjà, yóò ka owó rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa a máa dìde lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ọwọ́ òfo, láì mú káàdì, láì mú oògùn tí a ti ń lò, láì tilẹ̀ rántí ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó máa ráhùn pé a jókòó láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí dókítà kò sì bá wa sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìráhùn náà jẹ́ òtítọ́ ní ibi púpọ̀, pàápàá ní àkókò òjò, nígbà tí ẹ̀fọn bá pọ̀ tí àwọn ìyá sì kún àga ìdúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nítorí náà gan-an ni ó ṣe yẹ kí a mọ bí a ó ti lo ìwọ̀nba ìṣẹ́jú náà.

Dókítà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni dókítà ìdílé: ẹni tí ó ń gba tọmọdé tàgbà wọlé, tí ó ń wo ibà ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àti orúnkún tí ń ro ìyá àgbà ní òwúrọ̀ kan náà, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ọ̀gá mìíràn. Ní University College Hospital ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, àti ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá mìíràn, irú dókítà bẹ́ẹ̀ ni a ń bá pàdé ní ẹ̀ka tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí GOPD. Ní àwọn àdúgbò wa, òun ni dókítà tí ó ní ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ ní ẹ̀bá títì.

Àwọn àìsàn kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de káàdì rárá. Ọmọ tí gìrì mú, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́. Ẹni tí kò lè mí dáadáa. Aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì tí ọwọ́ rẹ̀ kan sì rọ. Ẹni tí ejò bù jẹ: tààrà ni kí a gbé irú wọn lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítorí ohunkóhun. Kí a má fi ṣíbí ya ẹnu ọmọ tí gìrì mú, kí a má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná. Kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a sì máa gbé e lọ.

Bí àìsàn náà kò bá rí báyìí, ẹ jẹ́ kí a múra. Kí a mú káàdì tàbí ìwé tí a gbà ní ìgbà tí a lọ kẹ́yìn, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé ìwòsàn mìíràn ni. Ẹni tí ó bá wà nínú ètò ìlera tí ìjọba ṣe fún òṣìṣẹ́, èyí tí òfin ọdún 2022 sọ di NHIA, kí ó rántí pé ilé ìwòsàn kan wà tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí, kí a mú àpò ọ̀rá kan, kí a sì kó gbogbo oògùn tí a ń lò sínú rẹ̀: èyí tí dókítà kọ, èyí tí a rà ní kẹ́míìsì, èyí tí aládùúgbò fún wa nítorí pé ó ṣe òun ní àǹfààní. Kò tó kí a sọ pé, “hóró funfun kékeré kan ni.” Hóró funfun kékeré kò níye ní ayé yìí.

Àgbo ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń purọ́, nítorí wọn bẹ̀rù pé dókítà yóò bá àwọn wí. Àwọn dókítà kan a sì máa báni wí nítòótọ́, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tí a bá bú lónìí yóò fi tirẹ̀ pamọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gbé mì ti wà nínú ara, yálà a jẹ́wọ́ rẹ̀ tàbí a kò jẹ́wọ́ rẹ̀. Àgbo mìíràn a máa mú kí oògùn tí dókítà kọ lágbára jù, òmíràn a máa sọ ọ́ di aláìlágbára, òmíràn a sì máa ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́. Oògùn ìrora tí a ń rà láì bi ẹnìkan léèrè, irú bí Ibuprofen àti Diclofenac, lè dá ọgbẹ́ sí inú, kí ó sì pa kíndìnrín lára bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún ara ríro. Nítorí náà, sọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a bá dé, nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ rí wa. Yóò wọn ara gbígbóná, yóò wọn bí a ti wúwo tó, yóò sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó sáré gun àtẹ̀gùn, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, tàbí tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, kì í bá òtítọ́ pàdé lórí ẹ̀rọ yìí. Kí a ti tọ̀. Kí a jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Kí obì, kọfí àti sìgá ti kúrò lẹ́nu fún ààbọ̀ wákàtí. Kí apá wà lórí tábìlì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà nílẹ̀. Béèrè nọ́ńbà méjèèjì, kí o sì kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ti òkè bá tó 140 tàbí bí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, ní ọjọ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A kì í mọ̀ ọ́n lára: ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rọ lápá kan ni orí kò fọ́ rí kí ó tó ṣubú.

Ní báyìí, a ti dé iwájú dókítà. Irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń wáyé nìyí:

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí ni ó ń ṣe yín?”

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibà ni, àti táífọ́ọ̀dù.”

Màmá ti dáhùn, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan. Orúkọ àìsàn ni ó dá, kò ròyìn ara rẹ̀. Bí ó bá ti sọ pé, “Láti ọjọ́ Ajé ni ara mi ti ń gbóná ní alẹ́. Òtútù a mú mi, lẹ́yìn náà n ó làágùn. Àná ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo ti lo hóró mẹ́rin nínú oògùn ibà tí mo rà, mo sì ti mu àgbo lẹ́ẹ̀mejì,” ìdajì iṣẹ́ dókítà ì bá ti parí. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Níbo ni ó ti ń dunni? Kí ni ó ń mú un le, kí ni ó ń mú un rọ̀? Kí ni a ti lò sí i? Ẹ ro àwọn nǹkan wọ̀nyí ní orí àga ìdúró, nígbà tí àyè wà.

Ṣùgbọ́n ìtàn Màmá kò tíì parí. Dókítà kọ ìwé fún un, ó dìde, ó ti di ilẹ̀kùn mú, ni ó bá rẹ ohùn sílẹ̀: “Ọmọ mi, ó tún ku nǹkan kékeré kan. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tí mo ti gbàgbé láti ọdún 8 sẹ́yìn, ó tún ti ń yọ díẹ̀díẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ padà jókòó. Ó pẹ́ tó wo?”

“Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ojú ni ó ń tì mí.”

Gbogbo dókítà mọ “nǹkan kékeré” yìí. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá pátápátá, tí ó sì tún rí ẹ̀jẹ̀, àní bí ó ṣe ẹ̀kán kan péré, gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò láìpẹ́. Ó lè má jẹ́ ohun búburú. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ a máa bẹ̀rẹ̀ báyìí, oṣù mẹ́ta kì í sì í ṣe nǹkan kékeré nínú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni kókó inú ọmú tí kì í dunni, ìtọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, àti ikọ́ tí ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọkùnrin a máa fi àìlera nípa ti ọkọ-àti-aya pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn dáadáa. Ohun tí ó bá ń tì ọ́ lójú jù, òun ni kí o kọ́kọ́ sọ. Bí ó bá ṣòro láti fi ẹnu sọ, kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan, kí o sì nà án sí dókítà.

Òfin 2014 tí a ti dárúkọ kò gba dókítà àti nọ́ọ̀sì láyè láti máa sọ ọ̀ràn aláìsàn káàkiri. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń dáhùn gbogbo ìbéèrè fún un, tàbí bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń gbẹnu sọ fún, lè sọ pé òun fẹ́ dá bá dókítà sọ̀rọ̀. Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Obìnrin sì lè béèrè pé kí nọ́ọ̀sì obìnrin wà ní yàrá nígbà tí a bá ń yẹ ara rẹ̀ wò.

Fún àwọn àgbẹ̀ tí ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ẹni tí ó fọ́n oògùn sí kòkó tàbí ẹ̀wà ní òwúrọ̀, tí orí ń fọ́ ọ ní ọ̀sán, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀ tí ó sì ń làágùn púpọ̀, kí ó má sọ pé ibà ni. Kí ó sọ pé òun fọ́n oògùn kòkòrò, kí ó sì mú ìgò rẹ̀ dání, nítorí ohun tí a kọ sí ara ìgò náà ni yóò júwe ìtọ́jú fún dókítà. Bí kò bá sọ, oògùn ibà ni a lè fún un, májèlé yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ti àyẹ̀wò, láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a fura pé ibà ẹ̀fọn ń ṣe wò kí a tó fún un ní oògùn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni, èsì rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Bí èsì bá sọ pé kì í ṣe ibà, ẹ má bá dókítà jà pé kí ó ṣáà kọ oògùn ibà, ẹ bi í pé, “Kí ni ó wá jẹ́?” Àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tí a ń pè ní Widal kò ṣeé gbára lé ní òun nìkan: ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò gba èsì pé ó ní i. Bí a bá ní kí o wá láì jẹun nítorí àyẹ̀wò ṣúgà, wákàtí 8 ni ó kéré jù, omi lásán nìkan ni kí ó kan ẹnu.

Nípa oògùn, má kúrò ní iwájú apòògùn títí yóò fi yé ọ. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi àwọn oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú wọn rọ́pò chloroquine fún ibà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, artemether-lumefantrine, ìgbà 6 ni a ń lò ó láàrin ọjọ́ 3: ẹ̀ẹ̀kejì ní wákàtí 8 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà òwúrọ̀ àti alẹ́. Oúnjẹ tí ó ní òróró díẹ̀ ni a fi ń lò ó, kí ara lè gbà á. Ara a máa fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ń tọ́jú èyí tí ó kù “nítorí ọjọ́ mìíràn”, tí ibà náà a sì padà. Oògùn tí a kọ fún ọ kì í ṣe fún ọmọ rẹ. Hóró pupa-àti-yẹ́lò tí a mọ̀ sí tetracycline a máa ba eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má máa bẹ dókítà fún abẹ́rẹ́, bí ẹni pé hóró kò lágbára; abẹ́rẹ́ tí a gún sí ìdí ọmọ láì yẹ ti sọ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ di èyí tí kò lè rìn mọ́.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ kò rí bí oògùn ibà. A kì í lò ó parí. Nígbà tí nọ́ńbà bá dára, oògùn ni ó mú un dára. Ẹni tí ó bá dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ le ti tú ìdè ohun tí a so. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n jù, sọ fún dókítà kí o tó dá a dúró, nítorí a sábà máa ń rí òmíràn tí kò wọ́n tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Bí dókítà bá sì fún ọ ní ìwé sí ilé ìwòsàn ńlá, má fi sí abẹ́ ìrọ̀rí. Bi í pé ọjọ́ mélòó ni o ní láti lọ, ta ni kí o béèrè níbẹ̀, àti àmì wo ni ó gbọ́dọ̀ mú ọ sáré lọ ṣáájú ọjọ́ náà. Jẹ́ kí ó kọ ọjọ́ àbọ̀ sí ara káàdì rẹ, fi káàdì náà sínú ọ̀rá kí òjò má pa á, kí o sì sọ ibi tí o fi í sí fún ẹnìkan nínú ilé.