Ẹní Eré Ìdárayá: Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Àwọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a ó jùmọ̀ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti egbòogi, bí kò ṣe ti ẹní tí a ń tẹ́ sílẹ̀ láti fi ṣe eré ìdárayá nínú yàrá.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ètò Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí ń mú èémí yára díẹ̀, kí ó sì máa fi ọjọ́ 2 ṣe èyí tí ń fún iṣan lágbára. Àwa nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ń sọ ọ́ fún àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ní Agbowó níbí, ọkọ̀ àti ọ̀kadà kò jẹ́ kí àgbà rí títì rìn fàlàlà, nítorí náà inú yàrá ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é, lórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì.

Ìyá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá sí dìsípẹ́ńsárì wa, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún. Ẹní oníke aláràbarà, irú èyí tí a ń jókòó lé níbi àríyá, ni ó tẹ́ sórí táìlì. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè ni ẹní yọ̀, ìyá sì bá a lọ. Ó na ọwọ́ láti fi gba ara rẹ̀ dúró, egungun ọrùn ọwọ́ bá dá. A fi igi pẹlẹbẹ dì í, a sì fi ìwé rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n lè ya àwòrán egungun náà. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, egungun rẹ̀ kì í le bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń lé lọ tí ó fi pàdé ọwọ́ dídá.

A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápẹpẹ. Bí a bá dé ọjà, àwọ̀ ẹní ni a ń wò, a kì í yí i padà wo ẹ̀yìn tí yóò kan ilẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tí ń dán, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tì í síwájú. Bí ó bá sá, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á, ìbáà lẹ́wà bí ẹyẹ ọ̀kín. Ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ orí rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí òógùn yóò sáà kán sí i.

Ẹní tí ó nípọn tó 6 mílímítà, bí ìnípọn pẹ́ńsùlù, tó fún ẹni tí ń dúró na ara. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tí ń dùbúlẹ̀ ṣe é, lè ra èyí tí ó tó 10 sí 15. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró lẹ́sẹ̀ kan lórí èyí tí ó rọ̀ púpọ̀, má tilẹ̀ dárúkọ fóòmù ibùsùn. Ẹsẹ̀ a máa rì, ọrùn ẹsẹ̀ a sì yẹ̀. Kí àwọn àgbà dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n di ògiri tàbí àga wúwo mú. Ilẹ̀ gbígbẹ láìtẹ́ nǹkan kan sàn ju ẹní tí ń yọ̀ lọ. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀, kí ó wọ bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ mu, nítorí ó lè gún ẹsẹ̀ kí ó má mọ̀.

Ẹní oré àti ẹní fàfà wa dára fún oorun. Lórí táìlì, yíyọ̀ ni wọn yóò máa yọ̀. Àwọn onígun mẹ́rin tí a ń so kọ́ ara wọn náà wà, ṣùgbọ́n etí wọn a máa ṣí, a sì máa kọ́ni lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé, ó lè bu wọ́n jẹ kí ó há a lọ́fun.

Nígbà òjò, ilẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ a máa láàágùn. Bí ẹní bá wà nílẹ̀ títí, èébù yóò hù lábẹ́ rẹ̀, kò sì dára fún ẹni tí èémí rẹ̀ ń há. Ẹ máa ká a nílẹ̀ lẹ́yìn eré. Ẹ fi ọṣẹ àti omi nù ún, pàápàá bí ẹni púpọ̀ bá ń lò ó, nítorí làpálàpá a máa ti ibẹ̀ ràn. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá a sí. Oòrùn gangan a máa mú kí rọ́bà sán.