Báàgì Tó Lágbára, Láìgbé Àwọ̀ Ológun Kọ́rùn

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ní Wárì, bárékè àwọn sọ́jà wà ní Effurun, ibùdó ọmọ ogun ojú omi, NNS Delta, sì wà létí odò. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, báàgì tó wà lẹ́yìn èèyàn lè sọ bí wọ́n ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ níbi tí sọ́jà ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Báàgì irú ti sọ́jà dára lóòótọ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó ya, àpò ara rẹ̀ pọ̀, ó sì ń gba ẹrù. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ogbe-Ijoh lọ sí Burutu nílò irú rẹ̀. Àwọ̀ ológun tí wọ́n ń pè ní kámọ́ ló ń fa wàhálà.

Abala 110 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà ní ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun kò gbọdọ̀ wọ aṣọ wọn, tàbí ohun tó jọ ọ́, láìgba àṣẹ. Lọ́yà lè jiyàn pé báàgì kì í ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n lọ́yà kọ́ ló dúró lójú títì.

Ìfura àwọn ọmọ ogun náà nídìí. Kí ìdáríjì tí ìjọba Ààrẹ Umaru Yar'Adua fún àwọn ajàjàgbara agbègbè odò lọ́dún 2009 tó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wọ kámọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa ọmọ ogun 17 ní Okuama, ní Ughelli South. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní Jamaica àti Barbados pàápàá, òfin ka kámọ́ léèwọ̀ fún aráàlú àti àlejò.

Nítorí náà, kí olùrajà mú dúdú, eérú tàbí búlúù tó ki.

Lẹ́yìn àwọ̀, kó wo aṣọ tí wọ́n fi rán an. Kánfáàsì ń mu omi, ó sì máa ń hu èébu nínú òjò Wárì. Ọ̀rá tó nípọn sàn jù: 500D fúyẹ́, 1000D le jù ú lọ (D ni ìwọ̀n òwú rẹ̀). Kó yí inú báàgì síta, kó wo ibi tí okùn èjìká ti so mọ́ ara rẹ̀, bóyá wọ́n rán ibẹ̀ lọ rán an bọ̀. Kó fa síìpù náà léraléra, kó di ẹrù sínú rẹ̀, kó sì gbé e kọ́ èjìká kó tó sanwó. Bó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, kó tú bẹ́líìtì àyà àti ti ìbàdí sílẹ̀, kí ẹrù má bàa fà á wọ odò bí ọkọ̀ bá dojú dé.

Yàtọ̀ sí báàgì, ọ̀rọ̀ àmì oyè ológun lára aṣọ tún wà: aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Ìràwọ̀ mẹ́ta léjìká jẹ́ ti kápútéènì, idì kan jẹ́ ti méjọ̀. Iṣẹ́ ológun ni wọ́n fi ń gba irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà láti ọjà Igbudu bá ní àmì ológun òkèèrè lára, kí ẹni tó rà á fi abẹ tú òwú rẹ̀ kúrò kó tó wọ̀ ọ́. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni tó ń rán aṣọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ní láti ní àwọ̀ àti bájì tirẹ̀. NSCDC, àjọ ààbò ìlú tí wọ́n ń pè ní Civil Defence, ló ń fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níwèé àṣẹ. Ó yẹ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà gbé àpẹẹrẹ aṣọ náà lọ fi han NSCDC kí télọ̀ tó gé ti ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́.