Ẹ Ro Ti Fóònù Oníbàárà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, bí aláṣọ òkè bá fẹ́ kí ayé rí aṣọ, iye owó àti nọ́ńbà fóònù òun, HTML àti CSS tó o. React, tí Facebook gbé jáde lọ́dún 2013, wúlò níbi tí nǹkan ti ń yí padà ṣáá. Ṣùgbọ́n lọ́nà tí ọ̀pọ̀ yín ń gbà lò ó, fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa JavaScript wọlé, kó sì ṣiṣẹ́ lé e lórí, kí ọ̀rọ̀ kankan tó yọ. HTML máa ń hàn bó ṣe ń dé. Owó dátà oníbàárà ni ẹ fi ń fa gbogbo JavaScript yẹn! Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù pẹ̀lú. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ jáde, ẹ fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán an wò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára.