Iná Àfikún Lára Ọkọ̀ Oko: Ẹ Wo Ibi Tí Wáyà Ti Bẹ̀rẹ̀

Wáyà kan wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi tí n kò jẹ́ jù nù. Pupa ni nígbà tí wọ́n rà á. Ní báyìí ó ti dúdú, rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́ dànù, bàbà inú rẹ̀ sì ń já wẹ́wẹ́ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ara Hilux àbúrò mi ni mo ti tú u, ọkọ̀ tó fi ń kó kòkó jáde láti oko wa lápá Ìdànrè.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ lọ́nà oko lóru mọ ìdí tí àbúrò mi fi lọ ra iná àfikún. Iná tí ọkọ̀ bá wá ò fi kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà hàn, àfìgbà tí táyà bá ti kó sínú rẹ̀. Nítorí náà, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má so iná mọ́ ọkọ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ̀ ni pé kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe so ó kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ yín padà.

Réwáyà tó ṣe ti àbúrò mi kò lò ju ìdajì wákàtí lọ. Ó fa wáyà láti orí bátìrì, ó gba inú ihò kan lára irin tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó, ó so ó mọ́ súìṣì, ó sì dá a padà síbi iná. Kò sí fíúsì, kò sí rílè. Iná tàn yòò, inú gbogbo wa dùn. Láàárín oṣù mẹ́ta, etí ihò yẹn ti ha rọ́bà wáyà títí bàbà fi kan irin. Òórùn ni àbúrò mi kọ́kọ́ gbọ́, kí èéfín tó bò ó lójú. Ó pa súìṣì, èéfín ò dáwọ́ dúró, torí pé ibi tí wáyà ti bó kò tíì dé ọ̀dọ̀ súìṣì rárá. Sípánà 10 tó wà lábẹ́ ìjókòó ló fi tú orí bátìrì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Mo dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gílóòbù ni fíúsì ń ṣọ́. Wáyà ló ń ṣọ́. Bí bàbà bá kan irin, bátìrì ọkọ̀ lè tú ohun tó ju 300 áńpíà jáde lẹ́ẹ̀kan, wáyà tín-ín-rín á sì pọ́n bí irin inú ẹwìrì. Ìdí nìyẹn tí fíúsì fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kó má jìnnà sí i ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Wáyà yòówù tó bá wà láàárín bátìrì àti fíúsì, kò lólùṣọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi fóòtì 12 pín wáàtì iná yín. Gílóòbù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 55 jẹ́ 110, ìyẹn á fa áńpíà 9 àti díẹ̀. Fíúsì 15 tó o, pẹ̀lú wáyà bàbà 2.5. Bí fíúsì yẹn bá ń já, nǹkan kan ló ń já a. Ẹ wá a kàn. Ẹ má fi 30 rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì fi bébà dídán inú páálí sìgá dí ojú rẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rántí.

Rílè ni kó gbé ẹrù iná, kí súìṣì kàn máa pàṣẹ fún un. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, nọ́ńbà sì wà lára wọn. Iná tó ti gba fíúsì kọjá ń wọ 30, ó ń gba 87 jáde lọ síbi gílóòbù. 85 àti 86 ni ti súìṣì: ọ̀kan gbàṣẹ, ìkejì sì so mọ́ ara irin ọkọ̀. Ibi tí ẹ bá so ẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò títí irin á fi dán.

Wáyà ilé, èyí tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan gbọnrangandan, kò dára fún ọkọ̀. Gbígbọ̀n á ṣẹ́ ẹ. Ti ọjà náà ń tanni jẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn inú rẹ̀: bó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ bàbà, alumíníọ̀mù ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Gbogbo ihò irin tí wáyà bá gbà kọjá, ẹ fi òrùka rọ́bà sí etí rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, òun gan-an sì ni àbúrò mi kò ní. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó kọ́kọ́ tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti bọ́ sí títì ọ̀dà, ẹ pa iná yìí. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú kò ní rí ọ̀nà mọ́, tírélà sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ pàápàá, iná orí òrùlé á kàn máa ta eruku padà sí yín lójú ni. Ti ìsàlẹ̀, lẹ́bàá bọ́ńpà, ló dára jù nígbà náà, bí kò bá ṣáà ti dí ojú rédíétọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá so ó tán, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí iná náà sì tàn fún 20 ìṣẹ́jú níwájú réwáyà. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tú orí nẹ́gétíìfù, kí ẹ sì fọwọ́ tọ wáyà lẹ́sẹẹsẹ, láti fíúsì dé ẹ̀yìn súìṣì. Àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ réwáyà kejì. Ojúkò kan gbóná ju ìyókù lọ, lẹ́nu ibi tí wáyà ti wọ ilé fíúsì. Wọ́n tú u: okùn mẹ́ta péré ló dì í mú, ìyókù ti yà síta.