Bí A Ti Ń Wá Ìdí Fídíò Tí Ń Dúró, Tí Ń Fò, Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Ti Pẹ́

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Lónìí, kì í ṣe inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni a ti ń wo àwòrán tí ń rìn. Ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn, kọ̀ǹpútà inú ilé ni ọmọ iléèwé fi ń wo ẹ̀kọ́ ìdánwò rẹ̀. Òun náà ni ìdílé mìíràn fi ń pa fídíò ìgbéyàwó ọmọ àti ìsìnkú òbí mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ tòkunbọ̀ tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Bí fídíò bá wá ń dúró, tí ó sì ń fò, ẹlòmíràn a ní kí a ju ẹ̀rọ náà nù. Ẹlòmíràn a gbé e fún ẹni tí yóò pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òwú bá lọ́ mọ́ra, ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í gé gbogbo aṣọ kúrò lórí òfì. Fọ́nrán tí ó lọ́ ni í wá.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí fídíò jẹ́. Àwòrán tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni, tí a tò tẹ̀lé ara wọn, bíi 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A ká wọn wé kí wọn má baà gba àyè púpọ̀, bí a ti ń ká agbádá sínú àpótí. Kọ̀ǹpútà ní láti tú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àkókò rẹ̀ tó pé. Èyí tí kò bá rí tú, yóò fò ó. Ohùn lè máa lọ geere nígbà tí àwòrán ń kọsẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ohùn kò wúwo tó ti àwòrán.

Ọ̀nà márùn-ún nìyí láti wá ìdí rẹ̀:

Èkíní: Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ni, àbí kọ̀ǹpútà? Ẹ wo fídíò kan tí ó ti wà nínú ẹ̀rọ. Bí ó bá lọ dáadáa, íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń fà. Nígbà náà, kí a yan àwòrán 480 tàbí 360.

Èkejì: Níbo ni fídíò náà wà? Bí ó bá wà nínú fláàṣì àtijọ́ tàbí àwo DVD tí ó ti ha, ẹ dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó wò ó.

Ẹ̀kẹta: Ẹ pa àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣí sílẹ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Bí CPU bá dé nǹkan bí 100 nínú 100 nígbà tí fídíò ń lọ, ẹrù náà ti wúwo jù fún ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹrin: Ooru àti eruku. Bí fídíò bá lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó máa fò, ooru ni kí a fura sí. Kọ̀ǹpútà tí ó gbóná jù a máa dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Eruku ìgbà ọyẹ́ a sì máa dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ gbọn eruku náà. Ẹ má ṣe lo aṣọ tútù. Ẹ má sì gbé e lé orí ibùsùn. Bí a bá ra ẹ̀rọ titun nítorí eruku, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ẹ̀karùn-ún: Irú fídíò náà. Àwòrán 1080 ní ààmì tó lé ní 2,000,000. Ti 720 jẹ́ 921,600, kò tó ìdajì. Bákan náà, ọ̀nà ìkáwé tí à ń pè ní H.265, tí ó jáde ní ọdún 2013, ń gba àyè kékeré, ṣùgbọ́n títú rẹ̀ ṣòro fún ẹ̀rọ àtijọ́ ju H.264 ti ọdún 2003 lọ. Ètò HandBrake, tí a kì í san owó fún, lè sọ fídíò H.265 di H.264 ní 720 tàbí 480. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún Windows gbé sínú ẹ̀rọ, kí a wò ó bóyá dráfà àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, CPU nìkan ni yóò máa ru gbogbo ẹrù náà.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan wà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ láti tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ da àwọn fídíò ìdílé kọ síbòmíràn, kí ẹ sì tọ́jú ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yí i padà. A lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́jà, ṣùgbọ́n ohùn bàbá tí ó ti lọ kò sí lọ́jà kankan.

Bí gbogbo èyí kò bá yọrí sí rere, nígbà náà ni ó tó àkókò láti ronú nípa ẹ̀rọ mìíràn. Ẹni tí ó bá wá ìdí kí ó tó náwó, owó rẹ̀ kì í bọ́ sómi.